Bí ẹ bá ń lọ Tokushima nítorí aró

Ìdí ìkòkò aró ni ìyá àgbà ti tọ́ mi, ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo dé Japan, Tokyo kọ́ ni mo kọ́kọ́ wá, Tokushima ni. Ìpínlẹ̀ yìí wà ní apá ìlà-oòrùn erékùṣù Shikoku, Awa ni wọ́n ń pè é láyé àtijọ́, kò sì sí ibi tí aró ilẹ̀ Japan ti lókìkí tó ibẹ̀.

Bọ́ọ̀sì ni kí ẹ wọ̀ láti Osaka, bíi wákàtí méjì ààbọ̀ ni. Ẹ jókòó sídìí fèrèsé, ẹ má sùn. Ẹ óò gba orí afárá Akashi Kaikyo, tí wọ́n ṣí ní 1998, ẹ óò la erékùṣù Awaji já, kí ẹ tó gun afárá Onaruto, ti 1985. Lábẹ́ èyí ni omi òkun ti ń yí bí òkòtó. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà nínú afárá náà, tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ilẹ̀ rẹ̀ láwọn ibì kan. Kì í ṣe gbogbo wákàtí ni omi ń yí o. Ẹ béèrè àkókò rẹ̀ lọ́jọ́ náà kí ẹ tó jáde, ìgbà tí òṣùpá bá kún tàbí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ló sì máa ń lágbára jù.

Lọ́jọ́ kejì, odò Yoshino ni kí ẹ tọ̀ lọ. Odò yìí ló ni gbogbo ọ̀rọ̀. Lọ́dọọdún ni ìjì líle máa ń mú un kún bo oko kí ìrẹsì tó gbó. Ṣùgbọ́n ewé aró ti máa ń wọlé kí ìjì tó dé, omi náà yóò sì gbé ilẹ̀ ọlọ́ràá tuntun sílẹ̀ bó bá ń fà. Ìdílé Hachisuka, tí wọ́n di olúwa ilẹ̀ náà ní 1585, rí èrè inú rẹ̀, wọ́n sì gbárùkù ti àwọn àgbẹ̀.

Ní ìlú kékeré Aizumi, ẹ wọ Ai no Yakata, ilé oníṣòwò aró kan tí wọ́n ti sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ lè fọwọ́ ara yín rẹ aṣọ ìnujú níbẹ̀. Ẹ bọ́ aago ọwọ́, ẹ má wọ aṣọ tí ẹ fẹ́ràn. Ewé tiwọn kì í ṣe ẹ̀lú: ewéko kúkurú ni, tiwa sì máa ń fà mọ́ igi. Àwọn ìyá wa ń gún ewé tútù, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a. Tiwọn, wọ́n á sá ewé náà gbẹ, wọ́n á kó o jọ gègèrè, wọ́n á máa wọ́n omi sí i, wọ́n á máa yí i, fún bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́, láti September títí di December. Sukumo ni wọ́n ń pe èyí tó bá jinná. Bí ẹ bá fẹ́ rí iṣẹ́ yìí, ìgbà yẹn ni kí ẹ lọ, òórùn rẹ̀ á sì ta yín nímú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ pé omi eérú igi ni wọ́n fi ń ṣe aró náà, omi bọ́ lójú mi. Mo ti aṣọ bọ̀ ọ́, mo fà á yọ, ó jáde bí ewé tútù, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó di aró. Bí ti ìyá àgbà gẹ́lẹ́.

Láti Tokushima, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Anabuki, kí ẹ fi takisí sọdá odò sí Wakimachi. Àdúgbò àwọn ọlọ́rọ̀ aró ni. Ẹ gbójú sókè: ògiri kékeré tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé, udatsu, ni wọ́n fi ń dènà iná, owó rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi di àmì ọrọ̀. Aró India àti aró oníkẹ́míkà tí àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1897 ló fọ́ ọjà náà. Lónìí, oògùn àti iná LED ni àwọn ará Tokushima fi ń pawó. Ìlú Anan níbẹ̀ ni Shuji Nakamura ti ṣe iná LED aláwọ̀ aró tó jẹ́ kó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014.

Bí ẹ bá fẹ́ wo Awa Odori, ijó ọdún ìlú Tokushima, ọjọ́ 12 sí 15 August ni, ẹ tètè gba yàrá.

Aṣọ tí ẹ bá rẹ, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nínú omi tútù, ẹ sì sá a síbi tí oòrùn kò ti ní bá a.