Ẹsẹ̀ wa dé, owó kò dé

Kìlómítà 50 ni èmi àtàwọn mẹ́ta tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ká lè kówó jọ fún ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń ra àga onítáyà fún àwọn ọmọ tí kò lè rìn. Wákàtí 12 ó lé díẹ̀ la fi rìn ín. Owó tí ìrìn náà mú wá, ọjọ́ 42 ló fi há sórí ìkànnì tí a fi gbà á. Ara mi ti gbàgbé ìrìn yẹn. Inú mi ò tíì gbàgbé ìkànnì náà.

Ẹni tó kéré jù láàárín wa ló mú àbá wá. Ó ti kà nípa Trailwalker, ìrìn kìlómítà 100 tí àwọn ọmọ ogun Gurkha (àwọn ará Nepal tó ń ṣiṣẹ́ ogun fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) bẹ̀rẹ̀ ní Hong Kong lọ́dún 1981, tí àjọ aláàánú Oxfam wá ń ṣe ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Ẹni mẹ́rin ni ẹgbẹ́ kan níbẹ̀, bí wọ́n bá sì ti jọ gbéra, ká jọ dé ni. A gba òfin yẹn lódindi, a gba ìdajì kìlómítà rẹ̀. Ká má purọ́, ìdajì ọ̀hún gan-an ti ju ẹnu wa lọ.

Ìgbáradì ò ní ìtàn nínú: oṣù mẹ́rin, ìrìn gígùn kan lọ́sẹ̀, à ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí a fi rin 35. Ọ̀rọ̀ bàtà nìkan ni mo ní. Ẹsẹ̀ máa ń wú bí ìrìn bá gùn, nítorí náà bàtà tó bá ẹsẹ̀ mu rẹ́gí láàárọ̀ á ti máa fún ọmọ ìka lọ́sàn-án. Ọ̀kan nínú wa ò gbọ́. Bàtà tuntun ló wọ̀ wá, tó ń dán yinrin. Ní kìlómítà 38, gìgísẹ̀ rẹ̀ lé ròrò, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ní ká máa lọ. A ò lọ. A bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tó ti tutù fún òógùn, a nu ẹsẹ̀ náà gbẹ, a lẹ pílásítà mọ́ ọn, a wọ ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ fún un, a wá ń rìn bí ìgbín. Àwa mẹ́rin la jọ wọlé. Kìlómítà 12 ìkẹyìn yẹn ni mo fi ń yangàn títí dòní, kì í ṣe 38 tó ṣáájú rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí owó.

Èmi ni mo ṣí ojú ewé ìkówójọ. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ohun tó sì tàn mí jẹ nìyẹn. Wọ́n bèèrè orúkọ, mo kọ tèmi. Wọ́n bèèrè àkáǹtì, mo fi tèmi sí i, pé bí owó bá pé tán, n ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ náà. Ibì kan wà lókè pátápátá tí wọ́n ti ní kí n mú ọ̀kan: ṣé èmi ni n ó gba owó ni, àbí àjọ aláàánú? Mo tẹ èmi, mo kọjá.

Nígbà tí àwọn ènìyàn ń sanwó, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Ọjọ́ tí mo ní kí wọ́n san án jáde ni ojú wọn là. Íméèlì dé pé ojú ewé mi sọ pé ẹgbẹ́ aláàánú ló ni owó, orúkọ ènìyàn ló sì wà lórí àkáǹtì, kí n mú ẹ̀rí wá. Mo fi káàdì ìdánimọ̀ ránṣẹ́. Ọjọ́ márùn-ún. Wọ́n ní orúkọ mẹ́ta ló wà lórí káàdì, méjì ló wà lórí àkáǹtì. Mo lọ gba ìwé ní báǹkì pé ẹnì kan náà ni. Ọjọ́ mẹ́fà. Wọ́n ní ó dára, ó ku lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ náà. Akọ̀wé wọn kọ ọ́ kíákíá, ó gbàgbé láti fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí i, ó fi fóònù yà á, wọ́n ní àwòrán ò ṣeé gbà, PDF ni àwọn ń fẹ́. Èyí tó ká mi lára jù ni pé ẹni ọ̀tọ̀ ló ń dá mi lóhùn nígbà gbogbo, kálukú wọn á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí káàdì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fi káàdì kan náà ránṣẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn oníjìbìtì ń fi orúkọ aláàánú kówó jẹ. Kí wọ́n yẹ̀ mí wò, mo fara mọ́ ọn. Kí ló wá dé tí wọn ò yẹ̀ mí wò kí owó ẹnikẹ́ni tó wọlé?

Ní ọ́fíìsì, ẹ̀gbọ́n kan ní ẹ̀ka wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: “Àbúrò, mi ò fura sí ọ o, mo kàn ní kí n bèèrè ni.” Ẹni tí kò fura kì í sọ pé òun ò fura. Mo ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, wọn ò tíì san án ni,” mo sì fi gbogbo íméèlì hàn wọ́n. Àtọjọ́ náà ni mo ti ń ju gbogbo ìdáhùn ìkànnì yẹn sórí WhatsApp ọ́fíìsì kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè. Ọjọ́ kìíní ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí owó dé, ó ti dín. Wọ́n máa ń gé ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á tún gé iye kan tí kì í yí padà lórí ìsanwó kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fi ìfẹ́ san díẹ̀díẹ̀ nígbà márùn-ún, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n gé tiẹ̀. Ká ní mo mọ̀, ǹ bá ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n san án lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ aláàánú fúnra wọn ṣí ojú ewé náà pẹ̀lú àkáǹtì wọn. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, bí owó kékeré àkọ́kọ́ bá ti wọlé, ẹ ní kí wọ́n san án jáde. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà á ti yọjú, nígbà tí ẹ ò tíì rìn rárá.

Àwọn mẹ́ta yòókù ti ń dábàá kìlómítà 100 báyìí. Mo ti ní n ó rìn. Ṣùgbọ́n oníbàtà tuntun ni kó wá ṣí ojú ewé tọ̀tẹ̀ yìí.