Ibi tí ATP inú aleurone ń bá lọ

Tí mo bá ti fi gibberellin, họ́mọ́ọ̀nù ewéko, sí aleurone ọkà báálì (ìpele sẹ́ẹ̀lì tó wà lábẹ́ èèpo ọkà), ATP, èròjà tó ń gbé agbára fún sẹ́ẹ̀lì, á wálẹ̀, AMP, ohun tó ń kù tí fọ́sífétì méjì bá kúrò lára ATP, á ròkè. Èèyàn á rò pé họ́mọ́ọ̀nù ló fà á. Àmọ́ gibberellin ń jẹ́ kí aleurone tu acid phosphatase jáde, ẹ́ńsáímù tó ń gé fọ́sífétì kúrò. Mo da ìwọ̀n ATP tí mo mọ̀ sí i kí n tó lọ̀ ọ́: díẹ̀ ló kù. Inú odó gan-an ló ti ń bàjẹ́!

Ní báyìí, inú nitrogen olómi tó tutù gan-an ni mò ń ju aleurone sí lójú ẹsẹ̀, màá sì lọ̀ ọ́ pẹ̀lú perchloric acid tútù, kí ẹ́ńsáímù náà tó jí. Potassium hydroxide ló ń pa ásíìdì yẹn. Ẹ yọ iyọ̀ tó bá silẹ̀ kúrò. ATP tí mo dà sí i ti ń jáde pé.