Bí mo ṣe kó mọ́tò márùn-ún dé Kàbà

Tí èèyàn bá ti gbọ́ kọ́nfọ́ì, ti gómìnà ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, sáírìn á máa ké, oníkálukú á máa wá ibi tó máa yà sí. Irú ẹ̀ ló pa Ọ̀jọ̀gbọ́n Festus Iyayi lọ́dún 2013, mọ́tò inú kọ́nfọ́ì gómìnà Kogí ló kọlu bọ́ọ̀sì tó gbé wọn. Tiwa ò ní sáírìn o. Ìsìnkú ìyá ọkọ mi là ń lọ, gbogbo èèyàn sì ń bẹ̀rù ajínigbé lọ́nà Ọ̀mùò sí Ìyàmoyè, ni wọ́n bá ní kí n ṣètò bá a ṣe máa rìn pọ̀, torí èmi ni mo lẹ́nu jù.

Mo kọ́kọ́ béèrè mọ́tò ta ló gbó jù. Bọ́ọ̀sì Bàbá Ìbejì ni, kò lè sá ju 80 lọ, òun ni mo fi síwájú. Ọkọ mi kékeré tó ní jíìpù fárí gá, mo ní ẹ má bínú, tí ẹ bá ṣíwájú a ò ní rí yín mọ́ ká tó dé Iléṣà. Àní nígbà ogun 1914 sí 1918 tí sọ́máríìnì Jámánì ń rì ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, 1917 tí wọ́n ní kí wọ́n máa rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́ kí ọkọ̀ ogun sìn wọ́n ni èyí tó ń rì tó dín kù, ọkọ̀ tó lọ́ra jù ni gbogbo wọn sì ń bá rìn. Ó lọ sẹ́yìn, ó ń kùn.

Aago márùn-ún ìdájí la kúrò l'Ékòó. Ní Adó gbogbo wa kún táǹkì, mo ní ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ kó tọ̀ báyìí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ṣeé gbọ́kàn lé níwájú, torí náà òfin kan ṣoṣo ni mo ṣe: máa wo ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ nínú díńgí, tóò bá rí i, rọra, ẹni tó wà níwájú á rí i pé ìwọ náà ti jìnnà, òun náà á rọra, títí á fi kan bọ́ọ̀sì. L'Ọ̀mùò, àwọn Àmọ̀tẹ́kùn ní ká dúró de tírélà gẹdú méjì ká jọ lọ, a dúró.

A ò tíì rìn jìnnà tí mo wo díńgí, mi ò rí jíìpù. Àyà mi já. Mo rọra, gbogbo wa rọra, àfi tírélà tó ń bá tiẹ̀ lọ. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó yọ, iná wíńwín. Nígbà tá a dé Kàbà ó ní, “Ìyàwó wa, ìtọ̀ ló gbọ̀n mí.”

Mo ní ẹ ò ṣe wá tọ̀ l'Ádó?

Ó ní inú ń bí òun nígbà yẹn.