Títọ́jú Òrùlé Páànù Kí Òtútù Tó Wọlé

Ẹni tó bá ní abà onírin, ilé ẹran ọ̀sìn, ilé ìkẹ́rùsí tàbí ibi ìgbọ́kọ̀sí onípáànù níbi tí òjò dídì ti máa ń rọ̀, kó má dúró di ìgbà tí òtútù bá ti mú kó tó gbójú sókè. Ìgbà tí oòrùn ṣì ń ràn, tí páànù sì gbẹ, ni iṣẹ́ yìí rọrùn. Gọ́ọ̀mù ìdíhò kì í lẹ̀ dáadáa mọ́ páànù tó tutù tàbí tó lómi lára, kò sì sí ẹni tó yẹ kó gun páànù tí ìrì ti dì sí.

Páànù fúnra rẹ̀ kì í sábà jẹ̀bi. Síkúrù tó tú àti oru omi láti inú ilé ló ń ba ọ̀pọ̀ òrùlé jẹ́, nítorí náà orí méjèèjì yìí la máa pẹ́ sí jù.

Síkúrù àti rọ́bà abẹ́ rẹ̀

Irin máa ń gùn sí i nínú ooru, á sì súnkì nínú òtútù. Bí ooru àti òtútù bá fi ìwọ̀n 50°C jìnnà síra, páànù irin tó gùn tó mítà 10 á fi nǹkan bíi mìlímítà 6 gùn tàbí kúrú. Ti alumíníọ̀mù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ìyẹn. Fífà síwá fà sẹ́yìn yìí ló ń mú kí ihò síkúrù máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Oòrùn sì ń gbẹ rọ́bà tó wà lábẹ́ orí síkúrù títí á fi sán. Omi á wá ríbi wọlé. Bí omi náà bá sì dì, á fi nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún wú sí i, á ti ihò náà gbòòrò, á yọ́, á tún dì.

Ẹ sún mọ́ síkúrù kan kí ẹ wò ó dáadáa. Tó bá wà bó ṣe yẹ, rọ́bà rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ á sì yọ díẹ̀ yí ká lábẹ́ wáṣà. Bí rọ́bà bá ti fún jáde wúruwùru, wọ́n ti yí i le jù nìyẹn. Bí ẹ bá lè fi ìka yí síkúrù, ó ti tú. Èyí tó dàgẹ̀rẹ̀ ló ń tan èèyàn jẹ jù: ó le lọ́wọ́, àmọ́ apá kan ṣoṣo ni rọ́bà rẹ̀ fi kan páànù. Ẹ yọ èyí tí kò bá dáa, kí ẹ fi tuntun tó nípọn jù ú lọ díẹ̀ sí ihò kan náà, kó lè di igi tàbí irin abẹ́ rẹ̀ mú. Àwọn kan máa ń kun gọ́ọ̀mù bo orí síkúrù tó ti tú. Ká sòótọ́, ojú ayé lásán nìyẹn. Síkúrù náà ṣì ń mì lábẹ́ gọ́ọ̀mù, kò sì ní pẹ́ tí gọ́ọ̀mù á fi ya.

Níbi tí páànù méjì ti gbéra léra, àárín wọn ni téépù ìdíhò ń wà, kì í ṣe orí wọn. Ẹ má ra gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù tó ń ta sánsán bí ọtí kíkan, nítorí ásíìdì inú rẹ̀ máa ń jẹ síǹkì ara páànù. Bí ẹ bá lo dírílì tán, ẹ gbá gbogbo èérún irin kúrò lórí òrùlé. Àwọn ló ń kọ́kọ́ dógùn-ún, wọ́n á sì kó àbàwọ́n ran páànù tí kò ṣe nǹkan kan.

Ẹni tó bá ń gun òkè ṣe èyí, kó wọ bàtà onírọ́bà, kó máa tẹ ibi tí síkúrù tò sí nítorí irin ìdábùú wà lábẹ́ ibẹ̀, kó sì jìnnà pátápátá sí páànù tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé. Èyí tó ti gbó nínú wọn kì í gbé èèyàn dúró, ọ̀pọ̀ ló sì ti jábọ́ gba inú rẹ̀.

Oru omi láti inú ilé

Ọ̀pọ̀ ìgbà la máa ń pe káfíńtà wá dí ibi tó ń jò, nígbà tí òrùlé kò jò rárá. Èémí ẹran, ilẹ̀ tútù, ọkà tí kò gbẹ dáadáa àti sítóòfù tí kò ní ọ̀nà èéfín, gbogbo wọn ló ń tú oru omi sínú ilé. Bí oru yìí bá gòkè kan páànù tútù, á di omi, á sì máa kán. Bó bá ń kán lówùúrọ̀ tí ojú ọ̀run mọ́, tí òjò kò rọ̀, tí omi sì bo gbogbo abẹ́ páànù dípò ojú kan, a jẹ́ pé inú ilé lomi náà ti wá.

Ojú ihò atẹ́gùn ni ìwòsàn rẹ̀. Èyí tó wà lókè níbi tí apá òrùlé méjèèjì ti pàdé àti èyí tó wà nísàlẹ̀ létí òrùlé gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí. A mọ̀ pé ó máa ń wuni láti fi àpò dí wọn pa kí ẹran má bàa tutù, àmọ́ ẹran tó gbẹ ń fara da òtútù ju ẹran tí omi ń kán sí lára lọ.

Ní ilé tí èèyàn ń gbé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Bí ooru yàrá bá ń gba àjà kọjá, á yọ́ òjò dídì tó wà lápá òkè, omi náà á ṣàn débi etí òrùlé tó tutù, ibẹ̀ ni á ti dì, á di ògiri. Omi tó bá tún ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á padà gba abẹ́ páànù wọlé. Ẹ dí ihò àjà, ẹ fi ohun tó ń dá ooru dúró sí orí rẹ̀, kí ẹ sì kó ewé kúrò nínú gọ́tà.

Nígbà tí òjò dídì bá ti rọ̀

Òjò dídì máa ń yọ̀ bọ́ lórí páànù lójijì. Bí ẹnu ọ̀nà tàbí páìpù gáàsì bá wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ to irin ìdádúró sórí òrùlé.

Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ tó sì fúyẹ́, tó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 10, kì í sábà ju kílógíráàmù 10 lọ lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Àmọ́ yìnyín tó le gbagidi tó ga tó bẹ́ẹ̀ súnmọ́ 90. Ibi tí òrùlé kúkúrú ti fara ti èyí tó ga ni afẹ́fẹ́ máa ń wọ́ òjò dídì jọ sí jù. Láti orí ilẹ̀ ni kí ẹ ti fi ọkọ́ onípákó tàbí onírọ́bà tó ní ọwọ́ gígùn wọ́ ọ kúrò, kí ẹ sì ṣọ́ra fún wáyà iná. Apá méjèèjì ni kí ẹ máa wọ́ lọ́gbọọgba. Òrùlé tí ẹ tú ẹrù apá kan rẹ̀ nìkan lè yẹ̀ sí apá kejì. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ kí irinṣẹ́ má bàa ha ọ̀dà ara páànù. Ẹ má da iyọ̀ sí i, irin ló ń jẹ.

Bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ bá há, tí irin ìdábùú bá tẹ̀, tàbí tí ẹ gbọ́ tí òrùlé ń dún gìrìgìrì, ẹ kó èèyàn jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ ṣílẹ̀kùn fún ẹran bí kò bá ní fi ẹ̀mí yín wewu, kí ẹ sì pe ẹnjiníà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gun òkè lọ gbá òjò dídì nígbà náà.