Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ìrìn Àjò sí KwaZulu-Natal

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá gbọ́ orúkọ KwaZulu-Natal, ọ̀kan nínú ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án tí ó wà ní Gúúsù Áfíríkà, etíkun ìlú Durban nìkan ni ọkàn wọn máa ń lọ sí. Inú èrò yìí ni ọ̀pọ̀ jù lọ àṣìṣe àwọn arìnrìn-àjò ti ń jáde. Òótọ́ ni pé Òkun Íńdíà ni ó gba gbogbo ìhà ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, láti ààlà Mòsáńbíìkì wá sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fi òkun sẹ́yìn tí ó sì wakọ̀ gba ìwọ̀-oòrùn lọ fún bíi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, ilẹ̀ yóò máa ga sí i títí yóò fi dé ọ̀wọ́ òkè Drakensberg, tí àwọn Súlù ń pè ní uKhahlamba, níbi tí ṣóńṣó Mafadi ti ga ju 3,400 mítà lọ. Ẹni tí ó di ẹrù etíkun nìkan kò tíì múra dé ìdajì ìpínlẹ̀ náà.

Àṣìṣe tí mo kà sí èyí tí ó léwu jù ni kí ènìyàn fi oṣù ilé ṣírò ojú ọjọ́ ibẹ̀. Gúúsù ìlà tí ó dá ayé sí méjì ni ìpínlẹ̀ yìí wà. Láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹjọ, nígbà tí a wà nínú àkókò òjò nílẹ̀ Yorùbá, ìgbà òtútù ni ó jẹ́ fún wọn, òjò kì í pọ̀, ojú sánmà sì máa ń mọ́ kedere. Ní Durban, òtútù náà kò le: ọ̀sán sábà máa ń tó ìwọ̀n 22 tàbí 23 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ènìyàn sì tún lè wẹ̀ nínú òkun, nítorí pé ìṣàn Agulhas ń gbé omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ bọ̀ láti àríwá. Lórí Drakensberg ní àkókò kan náà, omi ń dì lóru, yìnyín sì lè bo orí òkè. Ẹ má ṣe gun òkè yẹn pẹ̀lú ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nítorí pé oòrùn ràn ní etíkun láàárọ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé lọ́dọ̀ wa ní oṣù Kejìlá, ooru àti òjò ni ó wà níbẹ̀. Ní àkókò yẹn, àrá àti mànàmáná wọ́pọ̀ lórí òkè lọ́sàn-án, nítorí náà ẹni tí ó fẹ́ gun òkè níláti bẹ̀rẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí ó sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Òjò náà kì í sì í fìgbà gbogbo mọ ààlà rẹ̀: ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, omíyalé gba ẹ̀mí àwọn ènìyàn tí ó lé ní 400 ní Durban àti àyíká rẹ̀. Bí omi bá ti bo afárá tàbí ojú ọ̀nà, ẹ má ṣe wa ọkọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, bí ó ti wù kí ó dà bí ẹni pé kò jìn tó. Àwọn mìíràn a tún máa fi ohun tí wọ́n gbọ́ nípa Cape Town múra, bẹ́ẹ̀ ìgbà òtútù ni òjò Cape Town ń rọ̀, òdìkejì pátápátá sí ti ibí.

Ní ti omi, àwọ̀n tí ó ń dín ewu ẹja ekurá kù ti wà ní etíkun Durban láti ọdún 1952, àwọn òṣìṣẹ́ adóòlà ẹ̀mí sì ń ri àsíá mọ́ ibi tí ó yẹ kí a ti wẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé gbogbo etíkun ìpínlẹ̀ náà ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní iSimangaliso, ọgbà ilẹ̀ olómi tí ó wà ní etíkun àríwá ìpínlẹ̀ náà, tí àjọ UNESCO fi orúkọ rẹ̀ kún ogún àgbáyé ní ọdún 1999, erinmi àti ọ̀nì ni ó ni ọ̀sà St Lucia. Omi náà máa ń dákẹ́ rọ́rọ́, ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn gan-an ni ó sì ń tan àlejò jẹ. Ẹ má ṣe tẹ ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Erinmi a máa jáde wá jẹ koríko láàárín ìlú St Lucia lóru, nítorí náà ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri níbẹ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Àwọn tí ó lọ wo ẹranko ní Hluhluwe-iMfolozi, ọgbà tí a yà sọ́tọ̀ ní ọdún 1895, tí ó sì gba àgbáǹréré funfun lọ́wọ́ ìparun, sábà máa ń ráhùn pé àwọn kò rí nǹkan kan bí wọ́n bá lọ ní oṣù Kìíní. Koríko ti ga nígbà náà. Ìgbà òtútù ni kí ẹ lọ, nígbà tí ewé ti wọ́, tí àwọn ẹranko sì ń kóra jọ sí etí omi.

Ibà ẹ̀fọn kò sí ní Durban, ṣùgbọ́n ó wà ní òkè àríwá lọ́hùn-ún nítòsí Mòsáńbíìkì, ẹni tí ó bá sì ń lọ sí ìhà yẹn níláti bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó gbéra. Láti Nàìjíríà, ẹ mú káàdì àjẹsára ibà apọ́njú dání. Ọwọ́ òsì ojú ọ̀nà ni wọ́n ń gbà wakọ̀.

Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ àlejò kì í yà sí Isandlwana, níbi tí àwọn ọmọ ogun Súlù ti ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní ọdún 1879. Àwọn tí ó sì yà síbẹ̀, àwọn kan nínú wọn a máa gun orí àwọn òkìtì òkúta funfun tí ó wà káàkiri pápá náà láti ya àwòrán. Ibojì ni àwọn òkìtì wọ̀nyẹn. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí ẹ má ṣe mú òkúta kankan kúrò níbẹ̀.