Bí ẹ ṣe lè bi aláìsàn àti òṣìṣẹ́ ìlera nípa ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé

Ẹ bi aláìsàn bóyá ìtọ́jú tẹ́ ẹ lọ́rùn, "bẹ́ẹ̀ ni" ló máa sọ, pàápàá tó bá ṣì ń dúró de oògùn lójú fèrèsé. Ẹ bi nọ́ọ̀sì bóyá ó ń ṣàlàyé oògùn fún aláìsàn, òun náà á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ò tíì rí nǹkan kan gbọ́ nìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni kí ẹ bèèrè, ìbéèrè kan náà sì ni kí ẹ bi apá méjèèjì, kí ibi tí ẹnu wọn ò ti kò lè hàn.

Barbara Starfield, dókítà ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí nípa ìtọ́jú ìlera alábọ́ọ́dé, ti la ọ̀nà sílẹ̀ lórí ohun tó yẹ ká wò: ṣé ibẹ̀ lèèyàn kọ́kọ́ ń sá lọ tí ara ò bá yá, ṣé àwọn tó mọ̀ ọ́n ló ń tọ́jú rẹ̀ látọdún dọ́dún, ṣé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kárí, ṣé wọ́n sì ń bá a tọpa ìtọ́jú tó gbà níbòmíì. Ìbéèrè mẹ́ta sí márùn-ún tó fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti ju 20 lọ lápapọ̀, èèyàn á kàn máa dáhùn kó lè tètè lọ ilé.

Ìdáhùn mẹ́rin ni kí ẹ lò: kò ṣẹlẹ̀ rí (1), lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan (2), lọ́pọ̀ ìgbà (3), nígbà gbogbo (4), pẹ̀lú "mi ò mọ̀" lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ má fi ti àárín kún un. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tí kò fẹ́ ṣẹ ẹnikẹ́ni máa sá sí.

Fún aláìsàn: "Láàárín oṣù mẹ́fà tó kọjá, tí wọ́n bá fún yín lóògùn, ṣé wọ́n máa ń sọ iye ọjọ́ tí ẹ máa fi lò ó?" Fún òṣìṣẹ́: "Tí ẹ bá fún aláìsàn lóògùn, ṣé ẹ máa ń sọ iye ọjọ́ tó máa fi lò ó?" Ẹ má fi "ṣé wọ́n fọ̀wọ̀ bá yín sọ̀rọ̀" kún un. Ẹni tí wọ́n ṣàlàyé fún, àmọ́ tí wọ́n jágbe mọ́, kò ní mọ èyí tó máa dáhùn.

Ẹ kọ́kọ́ dán fọ́ọ̀mù ìbéèrè náà wò lára èèyàn mẹ́wàá, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ara wọn sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ẹni tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ ilé ìwòsàn ni kó bèèrè, lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti gba oògùn, tàbí nílé rẹ̀ pàápàá. Ẹ wo rẹ́jísítà, kí ẹ wá àwọn tí wọ́n ti pa ọjọ́ ìpadàbọ̀ jẹ fún oṣù mẹ́ta. Àwọn tí inú bí ò sí lórí ìjókòó níbẹ̀ mọ́.

Ní ti òṣìṣẹ́, ẹ má kọ orúkọ. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló wà ní yàrá àyẹ̀wò, ẹ má kọ iṣẹ́ rẹ̀ náà. Àpótí alágádágodo ni kí fọ́ọ̀mù wọn bọ́ sí, kì í ṣe ọwọ́ ọ̀gá.

Ẹ má bi aláìsàn bóyá irin iṣẹ́ gbóná tó kí kòkòrò àrùn lè kú. Kò sí bó ṣe lè mọ̀. Àmọ́ ẹ má fi ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nìkan ṣẹ̀rí: ohun tí òfin iṣẹ́ wí ló sábà máa ń sọ, kì í ṣe ohun tó ṣe lánàá. Ẹ lọ wo ohun èlò náà fúnra yín.

Ìṣirò ò le. "Mi ò mọ̀" kì í ṣe òdo; ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ wá ìpíndọ́gba ìdáhùn apá kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ 1, ẹ fi 3 pín in, ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Ká ní aláìsàn gba 2.2, ìyẹn di 40. Òṣìṣẹ́ gba 3.7, ìyẹn di 90. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀ di 65, nítorí 65 yẹn á bo àlàfo 50 mọ́lẹ̀.

Àlàfo yẹn ni kí ẹ gbé lọ bá wọn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí aláìsàn ò ní tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níwájú nọ́ọ̀sì. Ó lè jẹ́ pé dókítà rò pé ẹni tó ń pín oògùn á sọ iye ọjọ́ tí aláìsàn máa fi lò ó, tí ẹni yẹn náà sì gbà pé dókítà ti sọ ọ́. Ẹ yan ẹni tó máa sọ ọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ tún bèèrè, láìyí ọ̀rọ̀ kan padà nínú ìbéèrè náà.