Bí mo ṣe kọ́ńpáìlì GIMP 2.10 sórí Lubuntu 18.04

Fáìlì kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi fi àwòrán XCF kan, irú fáìlì tí GIMP, ètò tí a fi ń tún àwòrán ṣe, ń lò, ránṣẹ́, ó ní kí n bá òun tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe. Mo tẹ̀ ẹ́, GIMP 2.8 orí ẹ̀rọ mi kọ̀ jálẹ̀: `unsupported XCF file version`. 2.10 ni ọ̀rẹ́ mi ń lò. Bit 8 péré ni 2.8 ń lò fún ìkànnì àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, 2.10 ń gbé e dé 16 àti 32, ó sì ń kọ ọ́ sínú fáìlì lọ́nà tí 2.8 ò mọ̀ rárá.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: ṣe bí o ṣe kúkú máa fi ẹ̀dà tuntun síbẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà mi ti dàgbà. 32-bit ni, RAM rẹ̀ ò ju 2 GB lọ, Lubuntu 18.04 sì ni LTS (ẹ̀dà Linux tí wọ́n ń tọ́jú fún ìgbà pípẹ́) ìkẹyìn tí wọ́n ṣe fún irú ẹ̀. Gbogbo Flatpak àti AppImage, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀, tí mo rí, 64-bit ni wọ́n. Ó wá ku kí n gba kóòdù 2.10.38, èyí tó jáde ní 2024, kí n sì fọwọ́ ara mi kọ́ ọ.

Mo kọ́kọ́ ní kí apt, tó ń gba ètò wá fún Ubuntu, kó gbogbo ohun tí GIMP 2.8 nílò fún kíkọ́ wá, torí púpọ̀ nínú ẹ̀ náà ni 2.10 máa lò:

`sudo apt build-dep gimp`

Ó ní mi ò ní ìlà 'source' kankan. Òótọ́ ló sọ. Mo ṣí `/etc/apt/sources.list`, mo yọ àmì # tó wà níwájú àwọn ìlà deb-src, mo ṣe `apt update`, mo tún àṣẹ náà pa, ó sì gbà.

GTK 2.24.32 àti GLib 2.56, àwọn láíbúrárì tó wà nínú 18.04, ṣì tó GIMP 2.10 lò. Àwọn tí kò tó ni babl, tó ń yí àwọ̀ láti irú kan sí òmíràn, àti GEGL, tó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán gan-an. GEGL 0.3 ló wà nílẹ̀, 0.4 ni GIMP fẹ́. Nítorí náà, babl ló kọ́kọ́, GEGL tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà mypaint-brushes, tó kó búrọ́ọ̀ṣì ìyàwòrán jọ, kó tó kan GIMP fúnra rẹ̀.

Inú fódà kan ṣoṣo, `$HOME/gimp210`, ni mo pinnu láti kó gbogbo wọn sí. Ojú mi ti rí màbo rí. Ìgbà kan wà tí mo fi `sudo make install` da láíbúrárì tuntun lé ti ẹ̀rọ lórí, tí mo tún ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ tí panel ò jáde mọ́. Inú fódà tèmi, bí ó bá bàjẹ́, `rm -r` ni, ọ̀rọ̀ parí.

babl fẹ́ meson, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ọ, tó ju 0.45.1 tó wà nínú apt lọ. `pip3 install --user meson` yanjú ìyẹn. Python 3.6 ló wà lórí 18.04, láti 0.62 ni meson sì ti ń béèrè 3.7, ṣùgbọ́n pip fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó mú 0.61 wá láìjà. Kí `~/.local/bin` ṣáà wà nínú PATH yín, ìyẹn àwọn fódà tí ẹ̀rọ ti ń wá àṣẹ. babl ò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Orí GEGL ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti fi ibi tí babl wà han pkg-config, tó ń wá láíbúrárì nígbà kíkọ́, báyìí:

`export PKG_CONFIG_PATH=$HOME/gimp210/lib/pkgconfig`

síbẹ̀ ó ní òun ò rí babl tí òun ń wá. Ìgbà kan, ìgbà kejì. Mo pa babl rẹ́, mo tún un kọ́, ohun kan náà. Ó tó bíi wákàtí kan kí n tó ronú láti wo inú fódà náà fúnra rẹ̀. Mo ṣe `ls gimp210/lib`: kò sí pkgconfig níbẹ̀ o! Fódà kan tó ń jẹ́ `i386-linux-gnu` ni mo rí, inú rẹ̀ ni babl sá sí. Meson ti rí i pé ìdílé Debian ni ẹ̀rọ mi, ó sì tẹ̀ lé àṣà ilé wọn láì bi mí. Mo tún un ṣe pẹ̀lú èyí:

`meson setup build --prefix=$HOME/gimp210 --libdir=lib`

GEGL rí babl lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi `--libdir=lib` sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní jẹ irú ìyà yẹn.

mypaint-brushes náà ní tiẹ̀. Ẹ̀ka méjì ló ní, 1.x àti 2.x. Mo mú 2.x, torí mo rò pé èyí tó pọ̀ jù ló dára jù. Irọ́ ni. `mypaint-brushes-1.0` ni GIMP 2.10 ń pè lórúkọ, ti 2.x kì í jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo padà sí v1.3.x, mo fi sílẹ̀, configure, àṣẹ GIMP tó ń yẹ ẹ̀rọ wò kó tó di kíkọ́, tún ní òun ò rí i. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti gbọ́n, `ls` ni mo kọ́kọ́ ṣe. Kò sí kóòdù kankan nínú búrọ́ọ̀ṣì, nítorí náà `share/pkgconfig` ló fi ìwé tirẹ̀ sí, kì í ṣe `lib`. Mo fi fódà méjèèjì sínú PKG_CONFIG_PATH, mo fi àmì : là wọ́n láàárín.

Configure ti GIMP kọjá. Ó tilẹ̀ rí pygtk tí Python-Fu, tó ń jẹ́ kí a fi Python darí GIMP, nílò, èyí tí wọ́n ti yọ kúrò nínú Ubuntu 20.04. Ìyẹn ni pé arúgbó ẹ̀rọ mi ní ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ò ní.

Mo wá ṣe `make -j4`, iṣẹ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì fi browser sílẹ̀ ní ṣíṣí. RAM 2 GB! Kò pẹ́ tí gbogbo nǹkan fi dì, tí ìlà kan jáde pé wọ́n ti pa cc1, ètò tó ń kọ́ńpáìlì kóòdù. Mo pa browser, mo dín in sí `-j2`, mo sì lọ sùn. Ó ti parí nígbà tí mo jí.

`make install`, mo pe `gimp-2.10`, ó ní òun ò rí `libgegl-0.4.so.0`. Mi ò tiẹ̀ bínú mọ́. Ohun tí pkg-config mọ̀ nígbà kíkọ́, ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n nígbà lílò. Mo kọ ìlà mẹ́ta sínú fáìlì kan, mo ṣe é ní èyí tó ṣeé ṣiṣẹ́ pẹ̀lú `chmod +x`:

`#!/bin/sh`
`export LD_LIBRARY_PATH=$HOME/gimp210/lib`
`exec $HOME/gimp210/bin/gimp-2.10 "$@"`

Fáìlì yìí ni kí ẹ so mọ́ àmì inú menu. Bí ẹ bá so ó mọ́ gimp-2.10 tààrà, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní ṣe nǹkan kan, kò sì ní sọ ohun tó ń ṣe é.

2.8 ṣì wà níbi tó wà. `~/.gimp-2.8` ló ń kó ẹrù tirẹ̀ sí, 2.10 ń lo `~/.config/GIMP/2.10`, wọn ò dí ara wọn lọ́wọ́.

Mo ṣí fáìlì ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ tó ní kí n tún ṣe, lẹ́tà kan ṣoṣo ló ṣì kọ.